Kí Ẹ Tó Ra Interface fún Modular Yín, Ẹ Mú Mítà Dání

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé àpótí modular rẹ̀, ìyẹn ohun èlò orin oníná tí à ń to ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀ fúnra wa, láti Ìkẹ́nnẹ́ wá bá mi ní Mákùn, ní Ṣágámù níbí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo fẹ́ kí ohùn inú ẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, audio interface wo ni kí n rà?" Audio interface ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wọ kọ̀ǹpútà, tó sì ń rán an jáde. Mo bi í pé kí ló fẹ́ gbà wọlé, kí ló sì fẹ́ rán padà. Ó dákẹ́. Mi ò bá a wí, torí èmi náà ra ọ̀kan rí kí n tó mọ ìdáhùn, ojú mi sì rí i.

Tòkúnbọ̀ ni mo rà nígbà náà, ní Èkó. Iná tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ ló wọ̀ mí lójú. Mo délé, mo ní kí kọ̀ǹpútà máa fi fóltì darí oscillator mi, ẹ̀yà modular tó ń dá ohùn. Nínú modular, fóltì 1 ni à ń fi gun octave kan (láti dò kan dé dò tó tẹ̀ lé e lókè), nítorí náà ohùn tó bá máa dúró sójú kan, fóltì rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Nóòtì àkọ́kọ́ bọ́ síbi tó yẹ, ṣùgbọ́n kí n tó mí kanlẹ̀, ó ti ń yọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ń gun òkè ẹrẹ̀. Mo rò pé oscillator ló bàjẹ́. Mo tú u palẹ̀, odidi Sátidé kan sì wọmi. Oscillator ò ṣẹ̀ mí rárá. Ẹ̀yà iná kékeré kan tí à ń pè ní kapasítọ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà interface yẹn: ó ń jẹ́ kí ohùn tó ń gbọ̀n kọjá, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí fóltì tó dúró jẹ́ẹ́ kọjá. Irú èyí ni wọ́n ń pè ní AC-coupled. DC-coupled, èyí tó ń jẹ́ kí fóltì tó dúró kọjá, ni mo nílò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ mú mítà tó ń wọn fóltì àti láptọ́ọ̀pù dání lọ sí ìsọ̀. VCV Rack, modular inú kọ̀ǹpútà, ní ẹ̀dà kan tí kì í gbowó. Ẹ gbé e sórí láptọ́ọ̀pù kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ so interface mọ́ ọn, ẹ yọ sípíkà àti hẹ́dífóònù kúrò, torí irú fóltì yìí lè ba sípíkà jẹ́. Ẹ wá rán fóltì 5 tí kì í yí padà jáde sí ihò kan, kí ẹ ki wáyà bọ ihò náà. Ẹ yí mítà sí DC, kí ẹ fi ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣóńṣó orí jáàkì tó wà lẹ́nu wáyà náà lápá kejì, kí ẹ fi èkejì kan ìdí rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá fò sókè tó sì dúró, ó ti bọ́ sí i. Kò pọn dandan kó jẹ́ 5 gẹ́lẹ́; 3 tó dúró sàn ju 5 tó ń sá lọ. Bí ó bá fò tó sì ń rọra bọ̀ sí òdo, ẹ fi sílẹ̀ fún onísọ̀, bó ti wù kó yìn ín tó.

Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò DC o. Bí ẹ kàn fẹ́ gba ohùn sílẹ̀, tàbí kí kọ̀ǹpútà máa rán clock (àmì tó ń ka ìgbà orin) sí sequencer yín, ẹ̀yà tó ń to nóòtì lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n lè jọ rìn, èyí tí kò ní DC á ṣe é. Clock ń fò sókè, ó ń já wálẹ̀ kíá. Kapasítọ̀ kì í ráyè mú un.

Ohùn tó ń wọlé ńkọ́? Eurorack, irú modular tí ilé-iṣẹ́ Doepfer ní Jámánì fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ ní 1996, kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ohùn rẹ̀ ń lọ láti fóltì 5 nísàlẹ̀ òdo dé 5 lókè òdo, 10 lápapọ̀. Ti àwọn ohun èlò sítúdíò, ní +4 dBu (dBu ni òṣùwọ̀n tí à ń fi mọ bí ohùn inú wáyà ṣe lágbára tó), kò ju nǹkan bíi 3.5 lọ. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ maximum input level sí nínú ìwé interface, lábẹ́ line, kì í ṣe lábẹ́ mic. Fóltì 10 yẹn já sí bíi +13 dBu, ṣùgbọ́n bí ohùn méjì bá pàdé nínú mixer, wọ́n á ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, n kì í ra èyí tí kò bá tó +18. Ihò iwájú tí wọ́n kọ Inst sí, ti gìtá ni, ẹ jìnnà sí i. Ẹ sì pa 48V tí à ń fún màíìkì kí ẹ tó so ohunkóhun.

Ẹ ka iye ohùn tí ẹ fẹ́ máa tún ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Interface oníhò méjì ló gbòde, ó sì rọ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìlù, baasi àti ohùn òkè gbọ́dọ̀ ti pò pọ̀ kí wọ́n tó gba ibẹ̀ kọjá. Tí ẹ bá ti ro ìkọ́kọrẹ́ tán, ta ló fẹ́ ṣa epo kúrò lára ewùrà? Èmi ń lo mẹ́rin. Bí owó ò bá tíì tó, ẹ ra oníhò méjì tó ní ADAT: wáyà kan ṣoṣo tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ ni, ó sì ń gbé ohùn 8 ní 48 kHz. Ẹ lè fi ihò kún un lọ́jọ́ iwájú.

Ọ̀nà míì tún wà, ìyẹn ES-8 ti Expert Sleepers. Inú àpótí modular gan-an ló ń gbé, ó ń gba 4 wọlé, ó ń rán 8 jáde, gbogbo rẹ̀ DC, USB ló sì fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Kò sí ìyọnu +13 tàbí +18 níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní ihò màíìkì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ti hẹ́dífóònù. Ẹni tó bá tún fẹ́ gba ohùn onígángan sílẹ̀, kò ní tó o.

Ní ti wáyà, jáàkì modular jẹ́ 3.5 mm, ti interface sì jẹ́ ńlá. Fún ihò tó ń rán fóltì jáde, èmi máa ń fi sọ́dà ṣe tèmi: jáàkì olóríkèé mẹ́ta lápá interface, tí mi ò so nǹkan kan mọ́ òrùka àárín rẹ̀. Interface kan wà tí kì í fẹ́ kí òrùka yẹn kan ìdí jáàkì.

Bí ẹ bá gbọ́ húúún nísàlẹ̀ ohùn, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù ná. Bó bá dákẹ́, interface ò mọwọ́mẹsẹ̀, iná ló ń yí po láàárín ẹ̀rọ méjèèjì.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ yẹn padà wá lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú interface tó yá lọ́wọ́ olórí akọrin ìjọ wọn. A fi mítà sí i: ó fò dé 4, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ojú ọmọ náà rọ̀. Mo ní kó jẹ́ ká ka ìwé rẹ̀, a bá +20 níbẹ̀ fún line, ihò mẹ́rin sì ni. A so ìlù mọ́ ihò kìíní, baasi mọ́ ìkejì, a rán clock láti kọ̀ǹpútà, sequencer sì gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní òun ò ní ra nǹkan kan mọ́ báyìí, òun á kàn máa yá a lẹ́yìn ìsìn. Ìyá ẹ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, kò yà mí lẹ́nu.