Bí Mo Ṣe Yan Ríìmù Aláwọ̀n fún Honda Crosstour Mi

Nínú gbogbo ọkọ̀ tí Honda ti ṣe láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, agbára káká ni a ó fi rí èyí tí àwọn ènìyàn bú tó Crosstour. Ní ọdún 2009 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àwòrán rẹ̀ jáde sórí Facebook, èébú ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà fi pàdé rẹ̀: wọ́n ní iwájú rẹ̀ tóbi jù, wọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀ wú, wọ́n ní kì í ṣe mọ́tò kékeré, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe jíìpù. Accord Crosstour ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, nítorí pé ara Accord ni wọ́n ti mú un jáde. Nígbà tó di ti ọdún 2012, wọ́n yọ Accord kúrò nínú orúkọ náà, àmọ́ ọjà kò tìtorí ìyẹn yá. Ní ọdún 2015, wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ilé-iṣẹ́ wọn tó wà ní East Liberty, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ti lò lọ́hùn-ún ni ọkọ̀ òkun gbé wá sí Èkó gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀, ọ̀kan nínú wọn ni mo sì rà: ti ọdún 2011, EX-L (ẹ̀dà tó wọ́n ju EX lọ), aláwọ̀ eérú.

Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí, mo sì mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì V6 onílítà 3.5 tó wà nínú rẹ̀ ní agbára ẹṣin 271, kì í sì í mí hẹlẹ nígbà tí a bá kó èrò márùn-ún àti ẹrù sínú rẹ̀. Inú rẹ̀ dákẹ́, torí pé wọ́n fi ẹ̀rọ kan sí i tó ń gba inú sípíkà rédíò pa ariwo tó ń ti ìsàlẹ̀ wọlé. Búùtù rẹ̀ ló wú mi lórí jù. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àti gíláàsì rẹ̀ jọ ń ṣí sókè pọ̀ ni. Pákó ilẹ̀ búùtù náà ṣeé yí padà, kápẹ́ẹ̀tì wà lójú kan, rọ́bà líle wà lójú kejì. Àpótí kan tó ṣeé gbé jáde sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo bá ra ẹja tútù ní etí ọ̀sà Ìkòròdú, inú àpótí yẹn ni mo máa ń kó o sí. Bí mo bá délé, n ó fà á jáde, n ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, òórùn ẹja kò sì ní dé ibi ìjókòó rárá.

Ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí ìfẹ́ purọ́. Gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ dagun débi pé kò rọrùn láti fi rí ohun tó wà lẹ́yìn dáadáa, òrùlé tó ń sọ̀ kalẹ̀ yìí náà ló sì fà á tí Toyota Venza, tí àwọn méjèèjì jọ ń du ọjà nígbà náà, fi lè gba ẹrù tó ga ju èyí tí Crosstour lè gbà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń wa Venza kì í jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọgbà mẹkáníìkì wa ní Ìkòròdú ni àwa tí a fẹ́ràn mọ́tò ti máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, àríyànjiyàn a sì máa lọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ̀gbọ́n ní, “Àbúrò, ọkọ̀ rẹ yìí dà bí ìjàpá tó ru igbá rẹ̀ sẹ́yìn. Ríìmù wo lo fẹ́ fi bo ìyẹn mọ́lẹ̀?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́.” Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí ni pé irin tó wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ ga púpọ̀, gíláàsì sì kéré lókè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ríìmù tí wọ́n fi bí i kò ní ju apá díẹ̀ lọ (ìyẹn ohun tó so àárín ríìmù mọ́ etí rẹ̀), àwọn apá náà sì nípọn. Ojú kì í rí ibi kankan dúró sí nísàlẹ̀, òkè ni gbogbo ìwúwo náà wá ń forí lé. Mo gbà pé kì í ṣe ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni àléébù rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dorí ríìmù nìyẹn, oníkálukú sì mú tirẹ̀ wá. Àbúrò kan láàrin wa ní kí n ra ínǹṣì 20 tí wọ́n kùn ní dúdú. Ẹ̀gbọ́n mìíràn, tó ti tọ́jú Mercedes V-boot rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ní kò sí ohun tó dára tó ríìmù pẹrẹsẹ olójú ihò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Mercedes ń lò ní àwọn ọdún 1980, ó sì mọ ibi tí ó ti lè bá mi rí i. Ẹnì kan tó gbé Amẹ́ríkà rí fẹ́ kí n fi Torq Thrust sí i, ìyẹn ríìmù alápá márùn-ún tí American Racing gbé jáde ní àwọn ọdún 1960 fún àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje, tí àlàfo ńlá ńlá wà láàrin apá rẹ̀ kí atẹ́gùn lè tu bíréèkì. Arẹwà ni lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ tí ara rẹ̀ tinrin tí ó sì lọ sílẹ̀ ni ó yẹ.

Aláwọ̀n ni tèmi. Ilé-iṣẹ́ BBS, tí Heinrich Baumgartner àti Klaus Brand dá sílẹ̀ ní ìlú Schiltach ní Jámánì lọ́dún 1970, ló sọ irú ríìmù yìí di olókìkí. Orúkọ àwọn méjèèjì àti ti ìlú náà ni lẹ́tà mẹ́ta yẹn dúró fún. Nígbà tí RS wọn jáde ní ọdún 1983, ó di ohun tí gbogbo ayé ń wò kọ, títí dòní ni wọ́n sì ń ṣe èyí tó jọ ọ́. Ohun tí àwọ̀n náà ń ṣe fún ọkọ̀ gíga ni pé àwọn apá wẹ́wẹ́ tó ń kọjá lórí ara wọn ń tàn dé ẹ̀gbẹ́ ríìmù gan-an, ínǹṣì 17 á sì máa jọ 18 lójú ẹni tó ń wò ó. Dúdú tí àbúrò wa fẹ́ yóò ṣe òdìkejì èyí: yóò gbé ríìmù náà pa mọ́ sínú òjìji, ara ọkọ̀ yóò sì túbọ̀ wúwo lójú.

Ìdí kejì tí n kò fi gba ínǹṣì 20 ni ojú ọ̀nà wa. EX-L máa ń lo táyà 225/60R18, ìyẹn ni pé ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 225, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 60 nínú 100 ìbú náà, ríìmù rẹ̀ sì jẹ́ ínǹṣì 18; ẹ̀gbẹ́ náà wá ga ní mìlímítà 135. Bí mo bá fẹ́ kí ínǹṣì 20 ga bákan náà láti ilẹ̀ dókè, 245/45R20 ni n ó rà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì ní ju 110 lọ. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù mọ ohun tí kòtò yóò fi ríìmù bẹ́ẹ̀ ṣe. Èyí ló jẹ́ kí n pinnu láti padà sí 225/65R17, tí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ tó 146, tí gíga gbogbo táyà náà kò sì fi ju mìlímítà mẹ́ta kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Kò sí pé bóyá yóò kọ́ bíréèkì: táyà yìí gan-an ni Honda fúnra wọn fi sí EX.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n oní-V-boot ló gba àlàyé jù, nítorí pé ewu wà nínú rẹ̀. Ihò nọ́ọ̀tì márùn-ún ni ríìmù Mercedes ní, márùn-ún ni ti Honda náà, ṣùgbọ́n òbírí tí ihò Mercedes tò lé lórí fẹ̀ ní mìlímítà 112, ti Crosstour jẹ́ 114.3. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé nọ́ọ̀tì yóò wọlé bí a bá fi tipátipá dè é. Ibẹ̀ gan-an ni ikú wà, torí pé nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan yóò fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó, irin tó dì í mú yóò máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń yí, yóò sì já lọ́jọ́ kan lórí eré. Bóòtì tí Mercedes ń lò yàtọ̀ sí nọ́ọ̀tì wa pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n gbà pẹ̀lú mi nígbà tí mo gbé rúlà lé ríìmù méjèèjì lójú wọn.

Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin ni mo lọ. Ríìmù aláwọ̀n pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ìwọ̀nba ni èyí tó ṣeé gbà, nítorí pé kì í ṣòro láti jó èyí tó ti ya pọ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ríìmù ni kí a kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti ń wá àmì JWL tí àwọn ará Japan máa ń tẹ̀ sára ríìmù tó bá bá ìlànà wọn mu, àti 5×114.3, àti ìwúwo tí ó lè gbé, àti lẹ́tà ET tó ń sọ òfsẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bí ojú tí ríìmù fi ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ṣe jìnnà sí àárín ìbú rẹ̀ tó ní mìlímítà. Èyí tí mo mú jẹ́ ínǹṣì 7.5 ní ìbú, ET rẹ̀ sì jẹ́ 45. Ẹni tó bá rí ET 20 kó má ṣe rò pé kò sí ìyàtọ̀: yóò ti táyà náà síta ní mìlímítà 25, táyà yóò máa ha ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù tó wà lórí bíárìn yóò pọ̀ sí i.

Kí n tó sanwó, mo bẹ ọ̀gá tó ni ìsọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi kẹrosíìnì wò wọ́n, wọ́n sì gbà. Mo fi aṣọ kan pa kẹrosíìnì sí gbogbo ìdí àwọn apá wẹ́wẹ́ náà níbi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ etí ríìmù, mo dúró díẹ̀ kí ó wọlé, mo nù ún gbẹ pátápátá, mo wá lọ ṣọ́ọ̀kì funfun wẹ́wẹ́ sí i. Ibi tó bá ya, bí ó ti wù kí ó tinrin tó, kẹrosíìnì tó ti há síbẹ̀ yóò sun jáde, ìlà tóótòòtó kan yóò sì fara hàn lórí ṣọ́ọ̀kì náà. Ọ̀kan nínú mẹ́rin àkọ́kọ́ ní irú ìlà bẹ́ẹ̀, nítòsí ihò atẹ́gùn. Ọ̀gá náà pààrọ̀ rẹ̀ láìjiyàn. Lẹ́yìn èyí, a gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sórí ẹ̀rọ bálánsì láìtíì fi táyà sí wọn, a yí wọn, a sì rí i pé wọn kò wọ́.

Táyà tuntun ni mo rà sí wọn. Mo wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́tà DOT, tí méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, tí méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún tí wọ́n ṣe é, mo sì rí i pé nọ́ńbà 102 tó ń tọ́ka sí ìwúwo wà lára wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kìlò 850. Àwọn ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ atẹ́gùn wà nínú ríìmù àtijọ́, mo sì ní kí onítáyà fara balẹ̀ tú wọn sínú tuntun, torí pé bí irin ìtú táyà bá kọ lu ọ̀kan, ó parí.

Fífi wọ́n sára ọkọ̀ ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù, fúnra mi ni mo sì ṣe é lójú mẹkáníìkì wa. Ihò àárín ríìmù náà fẹ̀ ní mìlímítà 73.1, orí họ́ọ̀bù Crosstour (irin àárín tí ríìmù ń kọ́ lé) sì jẹ́ 64.1, nítorí náà mo ra òrùka álúmínọ́ọ̀mù tó ń dí àlàfo náà. Láìsí i, ríìmù kì í jókòó sí àárín gan-an, ọkọ̀ yóò sì máa gbọ̀n lórí eré, àwọn ènìyàn yóò máa rò pé bálánsì ni. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú họ́ọ̀bù, torí pé iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà ní Amẹ́ríkà nígbà òtútù máa ń mú kí irú tòkunbọ̀ wọ̀nyí dípata níbẹ̀, ìpáta kékeré kan sì tó láti mú kí ríìmù dagun.

Nọ́ọ̀tì ni ọ̀pọ̀ kì í kà sí. Ti Honda rí roboto níbi tó ti ń jókòó, nígbà tí ríìmù tí mo rà fẹ́ èyí tó ṣe ṣóńṣó. Mo fi ṣọ́ọ̀kì pa ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi ọwọ́ dè wọ́n, mo sì tú wọn padà kí àwọn tó wà nítòsí lè rí i: ṣọ́ọ̀kì ara ti Honda kàn pa rẹ́ ní ìlà kan ṣoṣo bí òwú, nígbà tí ti ṣóńṣó pa rẹ́ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà òwú yẹn nìkan ni ì bá di táyà mú. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá fi nọ́ọ̀tì ṣóńṣó dè wọ́n ní ìdojúkọ ara wọn, táyà ṣì wà lókè lórí jáàkì, tí mo sì fi sípánà tọ́ọ̀kì, èyí tó ń wọn bí a ṣe dè é le tó, parí rẹ̀ ní 108 Nm nígbà tó balẹ̀. Sípánà gígùn tí àwọn onítáyà ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kò yẹ kó sún mọ́ ọn.

Mo wà á jáde lọ sí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, mo sì wò ó ní eré 100, mo tún fi díẹ̀ kún un. Ìdarí kò gbọ̀n. Lẹ́yìn kìlómítà bí 80, mo tún fi tọ́ọ̀kì wo gbogbo nọ́ọ̀tì, nítorí álúmínọ́ọ̀mù ríìmù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dè máa ń rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ wọn. Mo dá nọ́ọ̀tì Honda márùn-ún sí inú búùtù fún táyà ìpààrọ̀, torí pé ríìmù onírin tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú aláwọ̀n yìí, ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ẹ̀gbọ́n oní-Venza yí ọkọ̀ náà po. Wọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wú, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gún. Wọ́n sì bi mí bóyá irú rẹ̀ lè wọ tàwọn. Mo ní, “Yóò wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. 114.3 ni ti Venza náà, àmọ́ orí họ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ 60.1, òrùka tiyín yóò yàtọ̀ sí tèmi. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wọn àlàfo tó wà láàrin táyà yín àti ṣọ́ọ̀kì-àbúsọ́bà kí a tó lọ sí Ládípọ̀.”