Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Ń Fọ́ Ojú Àwọn Ará Abúlé Wa

Ọ̀pọ̀ ojú tí ó fọ́ ní abúlé àti ìlú kéékèèké ilẹ̀ Yorùbá ni kò yẹ kí ó fọ́, nítorí ohun tí a ṣe kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni ó sábà máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Bí èèpo èkùrọ́ bá ta bá ẹni tí ń pa á, tàbí tí ewé àgbàdo gé àgbẹ̀ lójú, ẹ má ṣe kán ìtọ̀, omi ọyàn tàbí oje ewé sí i. Kòkòrò inú wọn yóò wọ ọgbẹ́ náà, yóò sọ ọ́ di egbò, àpá funfun rẹ̀ kì í sì í lọ mọ́. Bí ó bá jẹ́ oògùn apakòkòrò ni ó ta sójú, omi tó mọ́ púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Bí nǹkan bá gún un, ẹ má fà á yọ, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn.

Oògùn tí à ń kán sójú, tí à ń rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà, náà léwu. Èyí tí ó ní oògùn tí wọ́n ń pè ní dexamethasone nínú máa ń tètè mú ojú pípọ́n rọlẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá lò ó pẹ́, ó lè dá glaucoma sílẹ̀, ìyẹn àìsàn tí ń ba iṣan ìríran jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè fa kátáráàtì.

Kátáráàtì yìí, ìyẹn funfun tí ó máa ń bo inú ẹyinjú àgbàlagbà, ni a máa ń sọ pé kí ó gbó kí a tó ṣiṣẹ́ abẹ rẹ̀. Kò pọn dandan kí ó gbó. Bí kò bá ti jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ó ti tó àkókò. Ibi tí a ti ń dúró ni àwọn tí ń fi abẹ́rẹ́ gún ojú kiri ti máa ń bá wa. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú ojú mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kátáráàtì sí, ó lé ní mẹ́rin tí irú wọn ṣe. Ńṣe ni wọ́n kàn ń ti funfun náà sẹ́yìn sínú ojú. Aláìsàn yóò ka ìka ọwọ́ wọn lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò sanwó. Kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, wọ́n ti dé ìlú mìíràn. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń yọ ọ́ jáde ni, wọn a sì fi awò tín-ín-rín rọ́pò rẹ̀ nínú ojú.

Glaucoma ní tirẹ̀ kì í sábà dun ènìyàn. Ẹ̀gbẹ́ ojú ni ó kọ́kọ́ ń ṣókùnkùn, èyí tí ó bá sì ti lọ kì í padà. Nítorí náà, ẹni tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní in kò gbọdọ̀ dúró de ìrora kí ó tó lọ ṣàyẹ̀wò, ẹni tí ó sì ń lo oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé kò rí ìyàtọ̀.

Àwọn olóṣèlú àti ẹgbẹ́ aláàánú náà ní àṣìṣe tiwọn: kí wọ́n máa pín awò ojú bí ẹni pín àṣọ ẹbí, láìṣe àyẹ̀wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ìtọ́jú ojú wá sí abúlé gbọ́dọ̀ ti mọ ilé ìwòsàn tí yóò gba àwọn tí ó nílò iṣẹ́ abẹ, ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ wọn, àti ọjọ́ tí wọn yóò padà wá wò wọ́n.