Bí mo ṣe ń tọ́jú eyín tí wọ́n fi adé bò fún mi

Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ fi adé, ìyẹn ìbòrí líle tó rí bí eyín, bo eyín ńlá kan fún mi ní ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún. Wọ́n ti tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀ ṣáájú. Owó kékeré kọ́ ni mo ná, mo sì gbà pé ó parí nìyẹn: ohun tó dà bíi tánganran, kí ni kòkòrò fẹ́ jẹ níbẹ̀? Ọdún mẹ́ta kò pé tó fi yọ mọ́ òkèlè ẹ̀bà.

Ẹnì kan ní kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò láé. Mo fọ̀ ọ́, mo fi sínú ike kékeré, mo gbé e lọ bá dókítà eléyín. Ó gbé dígí sí mi lẹ́nu: "Mà, ẹ wo ibí." Etí eyín náà, níbi tó ti kan èrìgì, ti dúdú, ó ti rọ̀ bí ojú iṣu tó rà. Adé kì í jẹrà. Eyín abẹ́ rẹ̀ ló ń jẹrà. Nítorí pé wọ́n ti yọ iṣan inú rẹ̀, kò dùn mí rárá tó fi bàjẹ́ dé bẹ́ẹ̀.

Ọpẹ́ ni pé eyín ṣì kù tó lè di adé mìíràn mú. Láti ìgbà náà, etí yẹn ni mò ń ṣọ́.

Òwú ìfọyín ló ṣe pàtàkì jù. Alaalẹ́ ni mo ń kì í bọ àárín eyín, màá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara adé náà, màá fà á wá sókè sódò díẹ̀díẹ̀ títí dé abẹ́ èrìgì. Bí mo bá fẹ́ yọ ọ́, mo máa ń tú ẹnu òwú kan sílẹ̀, kí n fà á jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má baà hú adé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ yọ, òwú náà sì ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́. Mi ò dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀jẹ̀ dá, òórùn náà lọ.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo ń lò, ìṣẹ́jú méjì, láàárọ̀ àti kí n tó sùn. Ti alẹ́ ni kò gbọdọ̀ yẹ̀, torí itọ́ tó ń dáàbò bo eyín kì í pọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń sùn. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlọ́ráìdì, èròjà tó ń mú eyín le, ni mo ń lò; wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára páálí, 1,000 sí 1,500 ppm. Ohun tó nira fún mi ni pé kí n tutọ́ dànù láìfi omi yọ ẹnu, kí fúlọ́ráìdì lè dúró lára eyín. Èmi tí ìyá mi kọ́ pé kí n yọ ẹnu títí omi á fi mọ́! Pákò ṣì ń bẹ nílé, ṣùgbọ́n kò lè wọ àárín eyín.

Mi ò fi apá ọ̀tún fọ́ eegun mọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fi eyín pa èkúrọ́ tàbí ṣí ìdérí ìgò. Orógbó, mo máa ń gé e wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń tọ́jú eyín méjì tí wọ́n dí ihò wọn fún mi lápá òsì. Ohun mímu aládùn, mo ń mu ún mọ́ oúnjẹ ni, mi ò kì í fà á díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́.

Ọkọ mi ló sọ fún mi pé mò ń payín keke lójú oorun. Dókítà wọn ẹnu mi, ó sì ṣe ike kan tí mò ń fi sẹ́nu sùn báyìí, kí eyín má baà máa lọ ara wọn.

Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni mo ń padà lọ. Lọ́jọ́ tí mo lọ kẹ́yìn, ó fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó rẹ̀ yí etí adé náà ká, kò há síbì kankan, ìyẹn ni pé kò sí ibi tó ṣí tàbí tó rọ̀.