Bí ICE bá mú òbí: bí ẹbí ṣe lè so ọmọ àti òbí padà ní Amẹ́ríkà

Bí ìjọba Amẹ́ríkà bá ti ya òbí àti ọmọ sọ́tọ̀, ọ̀tọ̀ ni ọ́fíìsì tó ń mójú tó ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Òbí wà lọ́wọ́ ICE, àwọn agbófinró tó ń mú àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn kò dúró, lábẹ́ ilé iṣẹ́ ààbò abẹ́lé, DHS. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tí kò ní ìwé ìgbélùú, tí kò sì sí òbí tàbí alágbàtọ́ kankan nítòsí tó lè gbà á, yóò bọ́ sọ́wọ́ ORR, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìlera, HHS. Òfin ọdún 2008 lórí kíkó ènìyàn ṣòwò sọ pé kí wọ́n fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí HHS láàárín wákàtí 72, àfi bí nǹkan tó ṣàjèjì bá wáyé. Ẹ má retí pé ọ́fíìsì méjèèjì yìí yóò máa sọ fún ara wọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2018, Adájọ́ Dana Sabraw ní San Diego pàṣẹ pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òbí wọn ní ẹnu ibodè padà fún àwọn òbí náà: àwọn tí kò tíì pé ọdún 5 láàárín ọjọ́ 14, àwọn yòókù láàárín ọjọ́ 30. Ìgbà yẹn ni gbogbo ayé rí i pé kò sí àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tó so orúkọ ọmọ mọ́ ti òbí. Ńṣe ni wọ́n ń tú fáìlì wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ẹbí fúnra rẹ̀ ni yóò di okùn náà, nọ́ńbà A sì ni okùn ọ̀hún.

Nọ́ńbà A, orúkọ àti ọjọ́ ìbí

Ẹnikẹ́ni tí àwọn aṣọ́bodè tàbí ICE bá ti ṣí fáìlì fún ló ní nọ́ńbà yìí: lẹ́tà A, kí nọ́ńbà mẹ́sàn-án tẹ̀ lé e. Ẹ ó rí i lókè ìwé ìpè sílé ẹjọ́ (fọ́ọ̀mù I-862), lára káàdì ìgbàṣẹ ṣiṣẹ́, tàbí lára lẹ́tà tí USCIS, àjọ tó ń gba ìwé ìbéèrè ìgbélùú, ti kọ rí. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ péré ni ẹ bá lára ìwé àtijọ́, ẹ fi òdo kan ṣíwájú rẹ̀. Òbí ní tirẹ̀, ọmọ ní tirẹ̀. Ẹ kọ méjèèjì sórí bébà kan náà. Ọ́fíìsì yòówù tí ẹ bá pè, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà òbí sínú fáìlì ọmọ, kí wọ́n sì kọ ti ọmọ sínú fáìlì òbí. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn, kí ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀.

Orúkọ Yorùbá máa ń dá wàhálà sílẹ̀ níbí. Oluwaseun ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù, Seun ni wọ́n kọ ní ilé ìwé. Ọ̀gá aṣọ́bodè kan fi orúkọ àárín ṣe orúkọ ìdílé. Ẹlòmíràn pín Ọláolúwa sí méjì. Ẹ wá gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ ọ́, kí ẹ sì tò wọ́n sílẹ̀.

Ọjọ́ ìbí tún le ju ìyẹn lọ. Bí a bá kọ 03/07/2009, ọjọ́ kẹta oṣù Keje la ní lọ́kàn. Ará Amẹ́ríkà yóò kà á sí ọjọ́ keje oṣù Kẹta. Ìyàtọ̀ oṣù mẹ́rin yẹn lè mú kí wọ́n sọ pé ìwé ọmọ kò bára mu, tàbí kí wọ́n ka ọmọ tó ti fẹ́ẹ̀ pé 18 sí àgbàlagbà. Ẹ máa fi lẹ́tà kọ orúkọ oṣù nígbà gbogbo.

Wíwá òbí

Ìkànnì locator.ice.gov ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ. Ọ̀nà méjì ló wà: nọ́ńbà A pẹ̀lú orílẹ̀-èdè ìbí, tàbí orúkọ, orúkọ ìdílé àti orílẹ̀-èdè ìbí. Ọ̀nà kìíní ló dára jù, nítorí bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀ nínú orúkọ, kò ní gbé nǹkan kan jáde. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bí onítọ̀hún ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe ti pásípọ́ọ̀tù. Ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Kùtọnu, Bẹ̀nẹ̀ ni ẹ ó yàn fún un. Ìkànnì yìí kì í fi ọmọ tí kò tíì pé 18 hàn, nítorí náà ẹ má wá ọmọ níbẹ̀.

Bí orúkọ kò bá jáde, ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un ni, tàbí pé wọ́n ń gbé e láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Ẹ tún un wò láàárọ̀ àti ní alẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn án, bíi wíwọ ìlú láìgba ẹnu ibodè. Ọwọ́ àwọn US Marshals, agbófinró ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń wà, ìkànnì ICE kò sì ní mọ̀ ọ́n. Ẹ pe ọ́fíìsì ICE tó ń bójú tó agbègbè tí wọ́n ti mú un. Ẹ tún fi nọ́ńbà A pe ẹ̀rọ aládàáṣiṣẹ́ ilé ẹjọ́ ìwọlé-wọ̀de, 1-800-898-7180. Yóò sọ ọjọ́ ẹjọ́ àti ilé ẹjọ́, èyí tó sábà máa ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n gbé e lọ.

Ẹni tó wà ní àtìmọ́lé kì í gba ìpè. Òun ló ń pè síta. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ibùdó náà iléeṣẹ́ tó ń bójú tó fóònù wọn, kí ẹ fi owó sínú àkáǹtì rẹ̀. Wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà tó bá ti há sórí nìkan ló lè pè. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí gbogbo òbí tí ìwé rẹ̀ kò tíì dúró, àti gbogbo ọmọ tó bá ti lè ka nọ́ńbà, há nọ́ńbà ẹni kan ṣoṣo sórí, ẹni tí kì í pa fóònù.

Ní ti àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè: Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ sọ fún bí wọ́n bá mú ọmọ ìlú wọn, bóyá onítọ̀hún fẹ́ tàbí kò fẹ́. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò ní láti béèrè fúnra rẹ̀. Ilé aṣojú Nàìjíríà wà ní Washington, New York àti Atlanta, wọ́n sì lè fún òbí ní ìwé ìrìnnà, kí wọ́n sì bá ọ́fíìsì tó mú ọmọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìjọba ilé ni òbí sá fún, tó sì ń béèrè ààbò, kí ẹbí má lọ síbẹ̀ láìkọ́kọ́ bá lọ́yà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bí ọmọ bá wà lọ́wọ́ ORR

Nọ́ńbà ìpè ORR ni 1-800-203-7001. Wọn kò ní sọ fún yín pé ọmọ wà lọ́wọ́ wọn tàbí kò sí. Wọn yóò gba àlàyé, wọn yóò fi ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọmọ náà, òun ni yóò pè yín padà. Nọ́ńbà tí ẹ bá fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní títàn, kí ẹ sì máa gbé ìpè tí ẹ kò mọ̀.

Kí òbí tó wà ní àtìmọ́lé náà kọ ìwé fún ọ̀gá ICE tó mú ẹjọ́ rẹ̀ pé òun ní ọmọ, kí ó kọ orúkọ àti nọ́ńbà A ọmọ síbẹ̀, kí ó sì béèrè àsìkò ìpè. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá béèrè, ìpè kì í sábà wáyé: òṣìṣẹ́ ọmọ kò lè pe ibùdó òbí bó ṣe wù ú, òbí náà kò sì mọ nọ́ńbà ibùdó ọmọ. Kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi ìwé béèrè ọjọ́ àti wákàtí kan náà. Ìyàtọ̀ wákàtí wà láàárín Texas àti New York, ẹ ṣọ́ra fún un. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni ọmọ gbọ́ jù, ẹ béèrè ògbufọ̀ Yorùbá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í sọ ohun tó ń ṣe é tán ní Gẹ̀ẹ́sì tí kò yé e.

Níwọ̀n ìgbà tí òbí kò bá tíì jáde, ọmọ yóò lọ sọ́dọ̀ onígbọ̀wọ́, ìyẹn ẹni tí ORR gbà kí ó mú ọmọ sọ́dọ̀. Òbí kejì, bó bá wà níta, ló wà ní ipò kìíní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ẹbí tó súnmọ́, bí ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n, àǹtí. Àwọn ìbátan tó jìnnà àti ọ̀rẹ́ ẹbí ló kẹ́yìn, ìwádìí tiwọn ló sì gùn jù. Kí òbí kọ lẹ́tà tó fọwọ́ sí, tó dárúkọ ẹni tó fẹ́ kí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe tan. Lẹ́tà yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí ohun tí òbí bá sọ ni òṣìṣẹ́ yóò fi wé ohun tí onígbọ̀wọ́ sọ.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹbí wa ti ń ṣubú. Onígbọ̀wọ́ sọ pé "ẹ̀gbọ́n mi ni bàbá ọmọ náà", nígbà tó jẹ́ pé ọmọ bàbá kékeré ni. Nílé wa, òótọ́ ló sọ. Lójú òṣìṣẹ́ tó ń wo ìwé ẹ̀rí ìbí, orúkọ òbí wọn kò dọ́gba, irọ́ ló pa, wọn yóò sì ní kó ṣe àyẹ̀wò DNA tí kò ní gbè é. Ẹ ṣàlàyé okùn ẹbí lẹ́nì kọ̀ọ̀kan: ta ló bí ta. Kí ìwé ẹ̀rí ìbí jẹ́ ti NPC, àjọ ìkànìyàn Nàìjíríà. Káàdì ilé ìwòsàn nìkan kò tó.

Wọn yóò gba ìtẹ̀ka onígbọ̀wọ́, wọ́n sì lè béèrè ti àwọn tó ń gbé ilé kan náà. Ní 2018, àkọsílẹ̀ yìí dé ọwọ́ ICE, wọ́n sì fi mú àwọn onígbọ̀wọ́ kan. Kí ẹni tí ìwé tirẹ̀ kò dúró má tẹ̀ka kó tó rí lọ́yà. ORR kì í gba owó kankan láti fi ọmọ sílẹ̀. Ẹni tó bá pè pé kí ẹ fi owó tàbí káàdì ẹ̀bùn ránṣẹ́, gbájúẹ̀ ni.

Ọmọ tó bá pé 18 lọ́wọ́ ORR, ICE lè gbà á lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ọmọ bá ti lé ní 17, ẹ kọ ọjọ́ náà gàdàgbà sórí gbogbo lẹ́tà.

Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá gba ọmọ

Ọmọ tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà kì í lọ sọ́dọ̀ ORR. Bí wọ́n bá mú òbí rẹ̀ tí kò sí ẹni tó gbà á, àjọ ààbò ọmọdé ìpínlẹ̀ ni yóò gbé e, ẹjọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ ìdílé. Èyí ló ń dẹ́rù bà wá jù, nítorí pé aago ń ka níbẹ̀. Òfin àpapọ̀ ọdún 1997 ní bí ọmọ bá ti wà lọ́dọ̀ alágbàtọ́ ìjọba fún oṣù 15 nínú oṣù 22, kí ìpínlẹ̀ béèrè pé kí wọ́n gba ẹ̀tọ́ òbí kúrò, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà, tàbí bí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ ìbátan. Òbí tó wà ní àtìmọ́lé kò lè gbọ́ ìpè sí ilé ẹjọ́ bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ibi tó wà. Ilé ẹjọ́ yóò kà á sí ẹni tó pa ọmọ tì.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kọ sí ilé ẹjọ́ ìdílé àti sí àjọ náà: orúkọ òbí, nọ́ńbà A, ibùdó, àdírẹ́sì ibùdó, àti gbólóhùn kan pé òbí fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́yà fún òbí ní ilé ẹjọ́ ìdílé. Ìyẹn yàtọ̀ sí lọ́yà ẹjọ́ ìwọlé-wọ̀de. ICE ní ìlànà kan, nọ́ńbà 11064, lórí àwọn òbí tí wọ́n mọ́lé, èyí tó sọ̀rọ̀ nípa kíkópa nínú ẹjọ́ ọmọ àti àbẹ̀wò. Kí lọ́yà dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà, kó sì béèrè pé kí òbí fi fídíò tàbí fóònù jẹ́jọ́. Bí àjọ bá ní kí òbí ṣe kíláàsì ìtọ́jú ọmọ, kí ó bi ibùdó bóyá wọ́n ní irú rẹ̀. Bí kò bá sí, kí ó gba ìwé pé kò sí. Ìwé yẹn ni yóò gbà á sílẹ̀ níwájú adájọ́. Kí ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá àgbà tètè jáde wá pé òun yóò gba ọmọ.

Ẹni tí wọn kò tíì mú lè dènà gbogbo èyí. Ní New York, fọ́ọ̀mù OCFS-4940 fún ẹlòmíràn ní àṣẹ lórí ilé ìwé àti ìtọ́jú ìlera ọmọ fún oṣù 12. Bó bá ju ọjọ́ 30 lọ, nótárì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Maryland ní ètò alágbàtọ́ onídúródè tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí wọ́n bá mú òbí nítorí ìwé. Òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ẹ lo fọ́ọ̀mù ìpínlẹ̀ yín.

Bí òbí ṣe lè jáde, tàbí bí wọ́n bá fẹ́ dá a padà sílé

Ẹni tó fi fíṣà wọlé tí ọjọ́ rẹ̀ sì kọjá sábà máa ń lè béèrè béèlì lọ́wọ́ adájọ́. Ó kéré tán, $1,500 ni. Ẹ mú ẹ̀rí ọmọ lọ: ìwé ìbí, lẹ́tà ilé ìwé, lẹ́tà dókítà.

Bí ìdápadà bá ti súnmọ́, òbí ní láti yàn kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú: ọmọ yóò bá a lọ, tàbí yóò dúró. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i. Fún ọmọ tí kò tíì pé 16, pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà (DS-11) ń fẹ́ òbí méjèèjì. Ẹni tí kò lè wá yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda DS-3053 níwájú nótárì, pẹ̀lú ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ju oṣù 3 lọ kí wọ́n tó lò ó. Káàdì náà sábà máa ń wà nínú ẹrù tí ICE gbà. Ẹ fi ìwé béèrè ẹ̀dà rẹ̀ kí nótárì tó dé. Ọmọ tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti ìbí, gẹ́gẹ́ bí abala 25 nínú ìwé òfin àgbà Nàìjíríà ti 1999 ṣe sọ, ṣùgbọ́n ó nílò pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, NIN sì ni yóò fi gbà á. Bí kò bá tíì ní i, yóò gba fíṣà.

Ọmọ tó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ onígbọ̀wọ́ ní ẹjọ́ tirẹ̀ ní ilé ẹjọ́ ìwọlé-wọ̀de. Bí àdírẹ́sì bá yí padà, kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù EOIR-33 sọ fún ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5. Ọmọ tí kò bá yọjú, adájọ́ lè dájọ́ ìdápadà fún un láìsí níbẹ̀.

Bí òbí bá ti dé Èkó tí kò sì mọ ibi tí ọmọ wà mọ́, kí ó lọ bá ẹ̀ka Red Cross tó wà nítòsí rẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ó béèrè ètò ìwákiri ẹbí. Ọ̀fẹ́ ni. Kí ó mú nọ́ńbà A méjèèjì dání, orúkọ ibùdó ọmọ tó gbọ́ kẹ́yìn, àti fọ́tò tí wọ́n jọ yà.