Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi àkójọ nọ́ńbà ránṣẹ́ sí stored procedure

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ètò fún àwọn aláàdìrẹ àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù l'Óṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé ná oníbàárà lówó sórí server tuntun nígbà tó jẹ́ pé procedure yín (àkójọ àṣẹ SQL tí ẹ tọ́jú sínú dátábéèsì) gan-an ni kò dára. SQL Server, ètò dátábéèsì ti Microsoft, ni mo ń sọ nípa rẹ̀.

Èkínní: `WHERE OjaID IN (@ids)`, níbi tí `@ids` ti jẹ́ àkójọ tí ẹ fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá fi '12,15,19' ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló rí, kì í ṣe nọ́ńbà mẹ́ta. Kò ní lè sọ ọ́ di int (odidi nọ́ńbà).

Èkejì: kí ẹ so `@ids` mọ́ ọ̀rọ̀ àṣẹ SELECT, kí ẹ wá fi EXEC ṣe é: bí ẹnìkan bá kọ àṣẹ tirẹ̀ sínú `@ids`, dátábéèsì á ṣe é. Olè lẹ ṣílẹ̀kùn fún yẹn. Ẹ má dán an wò.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù. Ẹ kọ `@ids varchar` (varchar ni irú tó ń gba ọ̀rọ̀), ẹ ò kọ gígùn rẹ̀. Lẹ́tà kan péré ni yóò gbà: '12,15,19' á di '1', kò sì ní sọ pé nǹkan kan ṣe. Ẹni tó kọ varchar(100) náà ò yọ. Ọjọ́ tí oníṣòwò kan l'Ọ́jà-Ọba bá yan ọjà rẹpẹtẹ tó tà, ohun tó bá kọjá lẹ́tà 100 á gé dànù. Nọ́ńbà tó bọ́ sójú ibi tó ti gé, bíi 1574, lè di 15. Ọjà tẹ́nì kan ò tà ni ètò á yọ kúrò nínú ìwé, ọmọ tó wà ní káńtà ni wọ́n á sì pè lólè. Ìwà ìkà ni! Bó bá di dandan kí ẹ lo kọ́mà, varchar(max) ni kí ẹ kọ, kí ẹ fi STRING_SPLIT tú u. Ó ti wà láti 2016, ṣùgbọ́n compatibility level dátábéèsì (ìpele tó ń sọ ẹ̀dà SQL Server tí dátábéèsì ń hùwà bíi tirẹ̀) gbọ́dọ̀ tó 130.

Kí ẹ máa pe procedure lẹ́ẹ̀kan fún ọjà kọ̀ọ̀kan náà ò dáa. Ó ń falẹ̀.

Table-valued parameter, ìyẹn odidi table tí ẹ fi ránṣẹ́ sí procedure, ló yẹ kí ẹ lò, ó ti wà láti 2008. Ẹ kọ́kọ́ dá type rẹ̀ sílẹ̀:

`CREATE TYPE dbo.AkojoID AS TABLE (ID int NOT NULL PRIMARY KEY);`

Nínú procedure, ẹ kọ `@ids dbo.AkojoID READONLY`, kí ẹ JOIN ọ́ mọ́ table ọjà. Láìsí READONLY, kò ní gbà. Nínú C#, èdè tí ẹ fi ń pe procedure, ẹ kó nọ́ńbà sínú DataTable (table inú C#), kí irú parameter jẹ́ SqlDbType.Structured, kí TypeName sì jẹ́ orúkọ type yẹn. Ẹ kọ́kọ́ yọ nọ́ńbà tó bá wà lẹ́ẹ̀mejì, torí PRIMARY KEY ò ní gbà á. Bí àkójọ bá ṣófo, ẹ má fi DBNull (òfìfo ti dátábéèsì) ránṣẹ́, null ti C# ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe int o, òdo iwájú 0803 á sọnù.

Bí type yín bá ní òpó (column) méjì, ipò ni DataTable fi ń bá a mu, kì í ṣe orúkọ. Bí ẹ bá fi iye ṣáájú ID, tí méjèèjì sì jẹ́ int, á gbà á bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ALTER fún type: bí ẹ bá fẹ́ fi òpó kún un, ẹ dá type tuntun sílẹ̀, ẹ yí àwọn procedure sórí rẹ̀, kí ẹ tó DROP ti àtijọ́.