Hard disk ń dún kọ́-kọ́, kọ̀ǹpútà ń hang: bí ẹ ṣe máa mọ ohun tó ń ṣe é

Tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì yín bá ti ń dún kọ́-kọ́-kọ́ tó sì ń hang, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọ́máàtì ẹ̀. Ohun tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó ní business centre nìyẹn, láti Ọjà-Ọba dé Ògo-Olúwa, wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì ni, wọ́n á ju Windows tuntun sí i, kò ní pẹ́ ariwo á tún bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ oníbàárà á sì ti wọlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ariwo ti ń jáde. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí ẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní CPU, ẹ gbọn eruku ẹ̀ (búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà, èyí tó kéré, ni mo máa ń lò, mi ò ra blower), kí ẹ wá tan án kí ẹ tẹ́tí. Fáànù máa ń hó wùùù, tí wáyà bá kàn án á máa ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ti hard disk, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, yàtọ̀. Àwo ló wà nínú ẹ̀ tó ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí tó fi ń kàwé á máa lọ á máa bọ̀ lókè ẹ̀. Tó bá ń ta tíkí-tíkí díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kò séwu. Àmọ́ kọ́-kọ́-kọ́ tó ń dún déédéé, tó dákẹ́, tó tún bẹ̀rẹ̀, orí ẹ̀ ló ń wá nǹkan tí ò rí. Tó bá ń ké píì-píì tí ò yí rárá, ó ti há nìyẹn, tàbí kí iná má tó o. Èmi máa ń fi ẹnu screwdriver gígùn kan irin ara ẹ̀, kì í ṣe bọ́ọ̀dù abẹ́ ẹ̀ o, màá gbé etí lé ìdí screwdriver yẹn, ariwo ẹ̀ á dún ketekete. Tí ò bá tíì dá yín lójú, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà méjèèjì tó lọ sára hard disk, ẹ tún tan án: tí ariwo ṣì wà, fáànù tàbí power pack (èyí tó ń pín iná fún gbogbo inú àpótí) ni.

Ẹ tún wo irú hang tó ń hang. Tí mouse ṣì ń rìn àmọ́ tí ohunkóhun ò ṣí, tí iná pupa kékeré iwájú àpótí wá tàn síbẹ̀ láì ṣẹ́jú, hard disk ni kí ẹ fura sí, ojú kan ló ń kà lákàtúnkà, Windows sì ń dúró dè é. Tí gbogbo ẹ̀ bá dá gbári lójijì, tàbí tó ń kú tó ń tan fúnra ẹ̀, ẹ lọ wo ooru, RAM àti power pack.

Ẹ gbé CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ìlera hard disk wò, sórí flash, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo ìlà 05, C5 àti C6, ibi tí wọ́n kọ Raw Values sí. Tí kì í bá ṣe òfo, pàápàá tí C5 bá ń lé sí i, ojú àwo náà ti ń bàjẹ́. Tó bá jẹ́ C7 nìkan ló ń lé, wáyà dátà ni, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, wáyà ò wọ́n. Iye C7 ò ní padà sí òfo o, kó ṣáà ti dúró lójú kan. Bó bá sì kọ Good tí etí yín ń gbọ́ kọ́-kọ́, etí yín ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ó wá ku ibi tí wọ́n ti máa ń bà á jẹ́. Ẹ má tíì ṣe chkdsk /r, àṣẹ tí Windows fi ń wá ibi tó bàjẹ́ lára hard disk. Gbogbo ojú àwo yẹn pátá ló máa kà, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, bí ìgbà tí ẹ ní kí ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ti ṣẹ́ máa sáré ni. Fáìlì tó yẹ kí ẹ rí kó, ẹ lè wá bá a nínú fódà found.000, ó ti di wóróbo-wóróbo tí ò ní orúkọ.

Ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù yín jáde, kì í sì í ṣe láti C sí D! Mo ti rí i tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, wọ́n ò mọ̀ pé lọ́pọ̀ ìgbà hard disk kan náà ni wọ́n gé sí méjì. Flash tàbí external ni kí ẹ kó o sí. Dókúmẹ́ǹtì ni kó ṣáájú, fọ́tò tẹ̀lé e, ẹ fi fíìmù sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa kó o, fáìlì tó bá há, ẹ kánsù ẹ̀ kí ẹ fò ó, ẹ máa padà wá sọ́dọ̀ ẹ̀ tó bá kẹ́yìn. Ẹ má ṣe é lórí iná tó lè lọ nígbàkígbà láì sí UPS. Tí Windows ò bá jẹ́ kí ẹ ríṣẹ́ ṣe, ẹ fi Linux orí flash tan án, ddrescue, ètò tó ń kó dátà jáde lára hard disk tó ń kú lọ, wà fún irú ẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ fi USB so ó mọ́ laptop, hard disk ńlá ti desktop máa ń fẹ́ iná 12 volt tiẹ̀, adapter tí ò ní wáyà iná ò lè gbé e.

Tí BIOS, ètò tó kọ́kọ́ ń jí kí Windows tó wọlé, ò bá rí hard disk náà mọ́, ẹ pa á, kí ẹ má tún un tan. Ẹ má ṣí i, eruku bíńtín ti tó láti ha àwo yẹn. Ẹ má sì gbé e sínú fíríìsà, omi ló máa sé sí i nínú. Tí ohun tó wà nínú ẹ̀ bá ṣe pàtàkì, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó dátà jáde ni kí ẹ gbé e fún.

Tí ẹ bá máa pààrọ̀, SSD ni mo máa ń fi sí i, ó yá, kò sì láwo tó ń yí. Tówó ò bá tó, tòkunbọ̀ náà wà, àmọ́ ẹ mú flash yín dání lọ, kí wọ́n so ó níbẹ̀ kí ẹ wo Power On Hours, iye wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́: ọdún kan gbáko jẹ́ wákàtí 8,760, èyí tó bá ti ń lọ sí 40,000, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹni tó bá ní òun ò ní jẹ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kí ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì.