Bí a ṣe ń fara ti ọ̀rẹ́ àtijọ́ nígbà ọ̀fọ̀ ọmọ

Ọ̀rẹ́ tó ti mọ̀ ọ́ kí o tó bímọ ni kí o kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè. Èmi àti tèmi ti jọ ń ta ata ní Bódìjà fún ọdún 22. Kò sọ fún mi rárá pé "omi ló dànù, agbè ò fọ́". (Mo mọ̀ pé àwọn tó ń sọ ọ́ ò ní ibi lọ́kàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ń gún mi láyà.)

Sọ ohun tí o fẹ́ fún un: "Ṣáà wá jókòó tì mí." Jẹ́ kó dáná, àmàlà àti ewédú ń lọ lọ́fun nígbà tí ìrẹsì bá ń há. Ní kó máa dárúkọ ọmọ náà. Tèmi ló rántí bí ọmọ mi ṣe ń jí tòmátì jẹ lábẹ́ tábìlì wa. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún. Lọ́jọ́ ìbí ọmọ náà, má dá wà nílé: ẹ jọ lọ sọ́jà.